Ọbẹ̀ Tí Ó Dùn Tí Ó sì Kan: Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Ìdáná ní Galadimawa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú abala ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, a kò ní rìn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, síbẹ̀ a ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí rí. Ọbẹ̀ kan ni a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń sè. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n ni ín. Ó dùn bí oyin, ó sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, méjèèjì sì wà nínú ìkòkò kan náà láìbá ara wọn jà.

Kí a tó dá iná, ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ yanjú. Bí ìyá kan bá ṣí ìkòkò láàárọ̀ tí ó ní, "Ọbẹ̀ yìí ti kan," gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń sọ. Ọbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí a gbé e dànù. Báwo wá ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ kíkan, tí yóò gbé e síwájú bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tí yóò sì máa retí oríyìn? Ìṣòro tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ yanjú gan-an nìyí. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọbẹ̀ tí ó kan nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sè é, àti ọbẹ̀ tí ó kan nítorí pé ó ti bàjẹ́, lè da oúnjẹ rere nù lónìí, kí ó sì jẹ èyí tí yóò dá a gúnlẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà tún jẹ mọ́ èdè, pàápàá fún àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú Àbújá. Galadimawa wà ní apá gúúsù ìlú náà, nítòsí Lokogoma. Àwọn Gbagyi ni wọ́n wà ní agbègbè yìí kí ìjọba ológun tó fi òfin dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1976, àti kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ní òpópónà kan ṣoṣo níbẹ̀ lónìí, ẹ lè gbọ́ Hausa, Gbagyi, Ígbò àti Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ tí a dàgbà síbẹ̀ lè fi èdè mẹ́ta ná ọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a fi Yorùbá sọ bí oúnjẹ ti rí lẹ́nu, "ó dùn" àti "kò dùn" ni ọ̀rọ̀ wa máa ń mọ sí. Nítorí náà, bí a ti ń kọ́ ọbẹ̀ yìí ni a ó máa kọ́ èdè tí a fi ń tọ́ ọ wò.

ORÚKỌ RẸ̀

Agrodolce ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: agro, èyí tí ó túmọ̀ sí kíkan, àti dolce, èyí tí ó túmọ̀ sí dídùn. Ohun tí ó ń mú un dùn ni ṣúgà tàbí oyin. Ohun tí ó ń mú un kan ni ọtí kíkan, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní fínígà.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú orúkọ yìí, ọtí kíkan. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá pè é. Àwọn Faransé náà mú vin, èyí tí í ṣe ọtí èso àjàrà, wọ́n so ó mọ́ aigre, èyí tí í ṣe kíkan, ó di vinaigre. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí tiwọn. Yorùbá àti Faransé kò jọ ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ojú àwọn méjèèjì rí: ọtí tí a bá ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ yóò kan nígbẹ̀yìn. Ẹlẹ́mu mọ èyí dáadáa. Ẹmu àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti ń le, èyí tí ó bá sì sun ọjọ́ mélòó kan ti ń di ọtí kíkan.

ÌTÀN RẸ̀ NÍ ṢÓKÍ

Ọbẹ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé oúnjẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Apicius, oyin àti ọtí kíkan jọ ń wọ inú ìkòkò kan náà. Ní ọdún 827, àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá gúnlẹ̀ sí erékùṣù Sísílì, ní gúúsù Ítálì. Nígbà tí ó di ọdún 831, wọ́n ti gba ìlú Palermo. Ní àsìkò ìjọba wọn ni ìrèké, oríṣiríṣi ọsàn àti ikàn gbilẹ̀ ní erékùṣù náà. Títí di òní, oúnjẹ tí Sísílì fi ń yangàn ni caponata. Ikàn elése àlùkò ni wọ́n ń dín, wọ́n á wá fi àlùbọ́sà, tòmátì, èso ólífì, ọtí kíkan àti ṣúgà sè é pọ̀.

Ní apá àríwá, ní ìlú Fẹ́nísì tí ó wà lórí omi, ẹja ni wọ́n ń fi ṣe é. Wọ́n á dín ẹja sadíìnì, wọ́n á tò ó sínú àwo, wọ́n á da àlùbọ́sà tí wọ́n ti fi ọtí kíkan sè lé e lórí pẹ̀lú èso àjàrà gbígbẹ, wọ́n á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Saor ni wọ́n ń pè é. Àwọn atukọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọtí kíkan kì í jẹ́ kí ẹja tètè bàjẹ́ lójú omi. Ó sì jẹ́ ara oúnjẹ ọdún Redentore tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù Keje, láti fi rántí bí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1575 sí 1577 ṣe kúrò nílùú wọn. Nígbà tí Pellegrino Artusi tẹ ìwé oúnjẹ rẹ̀ jáde ní Florence ní ọdún 1891, ó kọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ọbẹ̀ yìí jẹ ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣokoléètì sínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò di dandan kí tòmátì wà nínú rẹ̀. Tòmátì kò sí ní Yúróòpù rárá kí Columbus tó rékọjá òkun ní ọdún 1492. Ọ̀nà òkun kan náà ni ata tí a fi ń se ọbẹ̀ tiwa gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọbẹ̀ wa àti ọbẹ̀ wọn ti jọ ń gbàlejò tipẹ́.

Ẹ̀rí ìrìn àjò yìí wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Àlùbọ́sà tí a ń pè lójoojúmọ́, láti ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gbọ́ ọ. Albasa ni wọ́n ń pè é, Lárúbáwá sì ni àwọn náà ti rí i. Ọ̀rọ̀ tí Ítálì ń lò fún ṣúgà ni zucchero. Láti inú sukkar ti Lárúbáwá ni ó ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ṣúgà tí a gbà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá da ṣúgà lé àlùbọ́sà lórí iná, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n jọ ti ilé kan jáde ni ẹ mú pàdé ara wọn.

KÍKAN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ LẸ́NU YORÙBÁ

Àwọn kan nínú wa lè ní, "Àwa kì í jẹ ohun kíkan." Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí ni ó mú kí gàrí Ìjẹ̀bú gbayì lójú àwa akẹ́kọ̀ọ́? Kíkan rẹ̀ ni. Ògì tí a fi ń ro ẹ̀kọ, rírẹ ni a rẹ ẹ́ kí ó lè kan. Ìsápá tí wọ́n ń fi egúsí sè ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì àti Kwara kan tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bọ̀ ọ́, tí a ń fi omi ṣàn án, kí ó tó ṣe é jẹ. Ìbátan rẹ̀ pupa ni àwọn ará Àríwá fi ń ṣe zobo. Bí ó bá wá di oṣù Kìíní, tí agbálùmọ̀ dé, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Agbálùmọ̀ tí ó pọ́n dáadáa ń dùn, ó sì ń kan ní ẹnu kan náà. Agrodolce tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sè ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ itọ́wò sílẹ̀ kí a lè máa lò wọ́n:

Dùn: Ọ̀rọ̀ yìí ní iṣẹ́ méjì. Oyin dùn, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ náà sì dùn. Ti oyin ni adùn bíi ti ṣúgà. Ti ẹ̀fọ́ ni pé ó tẹ́ wa lọ́rùn. Bí àgbà bá ní ọbẹ̀ yín dùn, kò sọ pé ẹ fi ṣúgà sí i.

Kan: Bí ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń ṣe ẹnu, tí itọ́ ń sun tí ojú sì ń fún pọ̀.

Korò: Bí ewúro tí a kò fọ̀, tàbí orógbó.

Ta: Iṣẹ́ ata àti ataare.

Tẹ́: Oúnjẹ tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata, tí kò ní ohunkóhun tí ẹnu lè dì mú.

Níbi ìkómọjáde, a ń fi oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare tọ́ ọmọ lẹ́nu, a sì ń fi wọ́n ṣe àdúrà. Nínú àwọn ohun tí a sábà máa ń tò síbẹ̀, kíkan kò sí. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn dúdú kan máa ń fún ọkọ àti ìyàwó ní ọsàn kíkan, ọtí kíkan, ata àti oyin tọ́ wò ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni àṣà náà ti wá. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi ti wá àyè fún kíkan lórí àwo. Àwa náà lè wá àyè fún un nínú ìkòkò.

OHUN ÈLÒ

Èyí tó èèyàn mẹ́rin, bí a bá ń bù ú lé oúnjẹ mìíràn lórí:

1. Àlùbọ́sà ńlá 2 (bíi gíráàmù 300)
2. Òróró, ṣíbí ìjẹun 3
3. Ọtí kíkan, mílílítà 125
4. Omi, mílílítà 125
5. Ṣúgà, gíráàmù 60 (bíi ṣíbí ìjẹun 5, láìkún jù)
6. Èso àjàrà gbígbẹ, ṣíbí 2
7. Ẹ̀pà yíyan tàbí kajú, ṣíbí 2
8. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí kékeré, àti ata gígún díẹ̀

Gbogbo rẹ̀ ni a lè rí ní ọjà Garki tàbí ọjà Wuse. Kò yẹ kí ẹ fi owó ilé ìwé ra ọtí kíkan olówó ńlá ti ìlú Modena. Ojúlówó rẹ̀ a máa lo ọdún 12 ó kéré tán nínú àgbá kí wọ́n tó tà á, ẹ̀kán ni wọ́n sì ń kán an lé oúnjẹ. Èyí tí kò wọ́n, tí ó mọ́, tó fún ìkòkò wa.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbí. Èkíní, ẹ má lo ìkòkò alumí, nítorí pé ohun kíkan a máa jẹ ẹ́ lára, ọbẹ̀ á sì gba òórùn irin. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà tàbí ti tánganran ni kí ẹ lò. Èkejì, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á. Ọtí kíkan fún jíjẹ kì í sábà ju ìdá 5 nínú 100 lọ ní kíkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, a bẹ̀ yín, ẹ má mú ásíìdì inú yàrá ìdánwò wá sí ilé ìdáná. Ìyẹn lè jó ọ̀nà ọ̀fun.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹ rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Ẹ bó àlùbọ́sà, kí ẹ rẹ́ ẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ gbé ìkòkò ka iná wẹ́rẹ́. Ẹ da òróró sí i, kí ẹ da àlùbọ́sà lé e pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má kánjú níbí. A kò fẹ́ kí àlùbọ́sà jó tàbí kí ó dúdú. A fẹ́ kí ó rọ̀, kí ó máa dán, kí adùn ara rẹ̀ jáde. Òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Òórùn tútù tí ń ta ojú yóò lọ, òórùn dídùn yóò sì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wọ́n ṣúgà lé e lórí, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Ẹ wá da ọtí kíkan àti omi sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú sẹ́yìn. Ooru rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ a máa wọ imú lọ, ó sì lè mú ènìyàn húkọ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ da èso àjàrà tí ẹ rẹ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó máa hó wẹ́rẹ́ láìdé e fún bí ìṣẹ́jú 10, títí omi rẹ̀ yóò fi dínkù tó ìdajì.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti jinná? Ẹ ki ṣíbí bọ̀ ọ́, kí ẹ yí ẹ̀yìn ṣíbí sókè, kí ẹ fi ìka fa ilà sí i lára. Bí ilà náà bá dúró láìjẹ́ pé omi ọbẹ̀ sàn padà bò ó, ó ti tó. Ẹ rántí pé bí ó bá ti ń tutù ni yóò máa ki sí i, nítorí náà ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó ki tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ wá da ẹ̀pà àti ata sí i.

Ẹ tọ́ ọ wò. Bí kíkan bá bo dídùn, ẹ fi ìdajì ṣíbí ṣúgà kún un. Bí dídùn bá bo kíkan, ẹ kán ọtí kíkan sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò ní gbogbo ìgbà. Ìwọ̀n tí ẹ lè fi sọ́kàn ni pé ọtí kíkan máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ṣúgà. Lẹ́yìn èyí, ẹnu yín ni òṣùwọ̀n.

Ọ̀NÀ KEJÌ: ÀJÀGBỌN ÀTI OYIN

Bí owó ọtí kíkan kò bá sí, ohun kan wà lọ́jà Àbújá tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní tsamiya, wọ́n sì ń fi ṣe kunu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nìkan, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá: àjàgbọn.

Ẹ bu omi gbígbóná mílílítà 250 lé àjàgbọn gíráàmù 100, kí ẹ fi sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fi ọwọ́ tí ó mọ́ fún un, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ da kóró àti èérún rẹ̀ nù. Ẹ se àlùbọ́sà gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì omi àjàgbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i. Ìdí wà fún èyí. Bí ọtí kíkan bá ń hó, díẹ̀ nínú kíkan rẹ̀ máa ń bá ooru lọ. Kíkan inú àjàgbọn kì í bá ooru lọ, omi rẹ̀ nìkan ni ó ń gbẹ, nítorí náà bí ó bá ti ń hó ni ó ń kan sí i. Bí ó bá ti ki, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fi oyin ṣíbí 3 sí i, kí òórùn oyin má bàa lọ. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ sì fi èyí tí ó kù kún un bí ó bá yẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin. Ẹ má fi èyí tọ́ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu rárá.

ṢÚGÀ KÒ PA KÍKAN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ṣúgà ń pa kíkan. Kò pa á. Kíkan tí ó wà nínú ìkòkò kí ẹ tó da ṣúgà sí i ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ahọ́n wa ni kò gbọ́ ọ dáadáa mọ́, nítorí pé adùn ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó ń pa kíkan ní tòótọ́ ni káún. Bí ẹ bá ju káún sínú ọbẹ̀ yìí, yóò hó yéé, kíkan rẹ̀ yóò lọ, ọbẹ̀ náà yóò sì tẹ́. Káún ní àyè tirẹ̀ nínú ewédú. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti wọlé. Bí ọbẹ̀ àná bá ti kan nítorí pé iná mọ̀nàmọ́ná lọ láti alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ṣúgà sí i kí ó ní agrodolce ni òun sè. Ṣúgà yóò kàn bo kíkan náà mọ́lẹ̀ ni, ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbígbé e padà sórí iná kò tó pẹ̀lú, nítorí pé oró tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń tu sínú oúnjẹ kì í bá ooru iná kú. Ẹ wo àmì ìbàjẹ́: ó ń hó láìsí lórí iná, ó ń yọ̀ bí ilá níbi tí ilá kò sí, ohun funfun bí òwú hù lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ń wọ́n lọ́wọ́ yín, a mọ bí ó ti máa ń dun ènìyàn láti da ẹran nù. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn ju owó ọbẹ̀ lọ.

Ní kúkúrú, ọbẹ̀ tí a mú kan, a mọ ohun tí ó mú un kan, a sì mọ ọjọ́ tí a sè é. Ọbẹ̀ tí ó dá kan fúnra rẹ̀, a kò mọ ohun tí ó wọ inú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń GBÉ E KALẸ̀

Ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ọbẹ̀ òkèlè. Ẹ má fi jẹ iyán tàbí àmàlà. Díẹ̀ ni a ń bù lé ohun tí ó ní ọ̀rá tàbí tí a dín, nítorí pé kíkan rẹ̀ ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Ó bá ẹja títù díndín mu, ó bá adìẹ tàbí awó sísun mu, ó sì bá dùńdún àti ikàn díndín mu. Bí dòdò bá ni, ẹ dín ṣúgà kù, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n ti mú adùn tirẹ̀ wá. Bí àwọn ará Fẹ́nísì ti ń ṣe, a lè jẹ ẹ́ nígbà tí ó bá ti tutù díẹ̀. Ìgbà náà ni dídùn àti kíkan rẹ̀ máa ń jáde dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ẹ fẹ́ gbé e fún, ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é. Ẹ má dà á lé oúnjẹ wọn lórí. Ẹ bù ú sínú àwo kékeré lọ́tọ̀, kí ẹ gbé ọbẹ̀ ata tí wọ́n mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó fi kan ẹnu: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ọbẹ̀ yìí kan díẹ̀, kò bàjẹ́ o. Àárọ̀ yìí ni a sè é. Ọtí kíkan àti ṣúgà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹja tọ́ ọ wò." Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ahọ́n tí a ti sọ fún pé kíkan ń bọ̀ yóò gbà á ní àlejò. Ahọ́n tí a kò sọ fún yóò pè é ní ìbàjẹ́, kò sì sí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ìrírí kọ́ ọ ni ó ń sọ. Àǹfààní rẹ̀ ni ẹ wá rí yìí: ọmọ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ "kan" àti "bàjẹ́" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu kò lè ṣe àlàyé yìí fún ìyá rẹ̀ àgbà, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí ìkòkò tó.

Àwọn àgbà ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Ní ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́bẹ̀ ló lọ̀rẹ́. Kí àwọn ọkùnrin wa má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin nìkan.

Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á sínú ìgò tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Kò yẹ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Èyí tí ẹja tàbí ẹran bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Bí iná bá lọ pẹ́, tí fíríìjì kò tutù mọ́, ẹ má fi wé ti àwọn atukọ̀ Fẹ́nísì. Ooru tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn.

KÍ NI KÍ A MÁA PÈ É?

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà láti sọ ohun tuntun lórúkọ. A lè fi a- sí iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe kí ó di ọ̀rọ̀ orúkọ: pa ẹja di apẹja, ta ọjà di atajà. Bí a bá mú dùn àti kan, tí a fi a- síwájú wọn, a ó ní adùnkan, èyíinì ni ohun tí ó dùn tí ó sì kan. A dábàá ọbẹ̀ adùnkan. Àwọn kan lè ní ó fẹ́ jọ ọ̀dùnkún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn àti fáwẹ́lì wọn yàtọ̀, ọ̀kan sì jẹ́ iṣu, èkejì jẹ́ ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌDÁNRAWÒ

1. Sọ ìtumọ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ "dùn" ní, kí o fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbè é lẹ́sẹ̀.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ ṣúgà àti iṣẹ́ káún nínú ohun kíkan?
3. Kí ni ìdí tí ìdajì omi àjàgbọn nìkan fi ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò?
4. Dárúkọ oúnjẹ Yorùbá mẹ́ta tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń mú kan. Bi ìyá tàbí bàbá rẹ léèrè nípa ẹ̀kẹrin tí a kò dárúkọ níhìn-ín.
5. Bàbá àgbà tọ́ ọbẹ̀ rẹ wò, ó ní, "Ṣé èyí kò ti kan báyìí?" Kọ èsì tí ìwọ yóò fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ. Àwọn mìíràn ṣe é dáhùn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ti bàbá àgbà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó dáhùn rẹ̀ lójúkojú, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ má wọ́n wa lẹ́nu lọ́jọ́ náà.